Ojú Oórì Ẹ̀yìn Kọ́lẹ́jì

Mọ́níkà Jùmọ̀kẹ́ ń jowú Màríà Mímọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí obìnrin Ìjọ Àgùdà lè gbé lọ síwájú Fadá níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí ojú má tì í, nítorí náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀, apá òsì ló máa ń jókòó sí, nítòsí ère kan tí wọ́n fi igi gbẹ́. Màríà ló jókòó nínú ère náà, ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ lé itan, ó tẹrí ba, ó ń wò ó. Àwọn obìnrin yòókù á wo ère yìí, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá yìí mà jìyà o." Mọ́níkà á wò ó, á sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, ìyà wo? Ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ gbé mọ́ra. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ojú ọgbẹ́. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí.

Òun kò rí tirẹ̀. Gbọ́láhàn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lẹ́yìn ọ̀kadà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já kó wọn mọ́lẹ̀ nítòsí oríta Fájuyì. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́níkà nígbà náà, kò tíì fẹ̀yìn tì, ó wà ní wọ́ọ̀dù tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti débẹ̀. Olúgbénga, ọkọ rẹ̀, ti ṣaláìsí ṣáájú, àbúrò rẹ̀ Akínbọ́lá ló wá di olórí ilé, òun náà ló pàṣẹ ohun tí wọ́n máa ṣe. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Mọ́níkà wá sílé, ó bá àwọn obìnrin agboolé nínú pálọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mọ́níkà ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ obìnrin: kó má lè sáré. Ibẹ̀ ló ti mọ̀. Wọ́n jókòó yí i ká títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn ọkùnrin sì ti sin Gbọ́láhàn tán.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ọmọ bá kú tí ìyá rẹ̀ wà láyé, ìyá kì í tẹ̀ lé òkú, kì í rí i, kò sì gbọdọ̀ mọ ojú oórì náà láéláé. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ ló ń gbé e lọ, wọ́n á tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kó má bàa hàn, wọ́n á sì búra láàárín ara wọn pé àwọn kò ní sọ. Wọ́n ní kí obìnrin náà má bàa lọ máa sùn síbẹ̀ títí òun náà á fi kú ni. Àánú ni wọ́n ń pè é. Àánú tí kò bi ẹni tí wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ léèrè bóyá ó fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó ń pè é ní Ìyá Gbọ́láhàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Nọ́ọ̀sì, bí ẹni pé àpérò kan wáyé lórí rẹ̀. Wọ́n sin orúkọ náà mọ́ ọmọ.

Ó bẹ Akínbọ́lá. Ó kúnlẹ̀ fún un. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ó bá a nílé nígbà tó fẹ́ Olúgbénga, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni òun náà, kò sì gbọdọ̀ fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, ọwọ́ mi yìí ló wẹ òkú ọmọ àwọn èèyàn ní ọsibítù. Mo pa ojú wọn dé, mo pa ẹnu wọn dé. Ẹ jẹ́ kí n rí ulẹ̀ tí tèmi wà nìkan. Mi ò ní sunkún níbẹ̀."

"Ìyàwó, dìde ńlẹ̀," ni Akínbọ́lá wí. Àgbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. "Èèwọ̀ ni. Bí mo bá fi hàn ọ́, mo pa ọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin rò pé mo wà láàyè?"

 Ọdún ń yí lu ọdún, ó ń bẹ̀ ẹ́, ìdáhùn kan náà ló ń gbà.

Ohun kan tún wà tí Gbọ́láhàn mú lọ. Kí ó tó kú, kò sí ẹni tó lè kọ alámọ̀ bí Mọ́níkà nínú ìjọ wọn. Alámọ̀ ni orin arò tí àwọn obìnrin Èkìtì fi ń sin àgbàlagbà. Obìnrin kan á dá a, àwọn yòókù á máa gbè é lẹ́yìn, ẹni tó ń dá a á máa ka ìran òkú náà àti ìwà rẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú ẹni tó wá jẹun lásán. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ti fi sin àwọn kàtékísì, ó ti fi sin ìyá àwọn Fadá. Ṣùgbọ́n fún àgbà ni. Kò sí ìyá tí í dá alámọ̀ fún ọmọ tó bí, nítorí wọ́n gbà pé orin náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ wá a lọ mọ́, àgbà nìkan ni wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ tayọ̀tayọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Mọ́níkà, kò la ẹnu rẹ̀ kọ ọ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àfi ìgbà tí Fadá Adéníran dé.

Ọmọ Èkìtì ni Fadá Adéníran, ọmọ Ìjerò, ṣùgbọ́n Róòmù ló ti lọ kàwé nípa Èkìtì. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ lórí bí ìgbàgbọ́ àti àṣà ṣe lè jùmọ̀ gbé nínú ilé kan, ó padà wálé, wọ́n sì fi í ṣe olórí Ẹ̀ka Ìgbàgbọ́, Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà ní Kọ́lẹ́jì Ìyá Ìrora, èyí tí wọ́n kọ́ sórí òkè lẹ́yìn ìlú. Èèyàn dáadáa ni, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ aláìsàn wò, ó sì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ èèyàn mú bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ju èèyàn lọ ni, kò sì mọ̀.

Ó wá sílé Mọ́níkà nígbà tí àwẹ̀ Lẹ́ńtì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ń múra eré Ìjìyà Olúwa sílẹ̀, pé àwọn olùkọ́ láti kọ́lẹ́jì Àgùdà káàkiri ilẹ̀ yìí ń bọ̀ wá wò ó.

"Màmá, orin tiwa ni mo fẹ́ kí Màríà fi sunkún ọmọ rẹ̀. Alámọ̀ ni mo fẹ́. Gbogbo èèyàn ló sì ní ẹ̀yin ni."

"Fadá, ẹ mọ̀ pé ìyá ò gbọdọ̀ dá alámọ̀ fún ọmọ rẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo kọ odindi orí kan lórí èèwọ̀ yẹn nínú ìwé mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ẹ wo Màríà. Ta ló lé e kúrò nídìí àgbélébùú? Ta ló fi ibojì pamọ́ fún un? Ìgbàgbọ́ yẹ kó tú ìyá sílẹ̀, Màmá, kó lè sunkún ọmọ rẹ̀ ní gbangba."

Ẹ̀yin ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Mọ́níkà kò tíì gbọ́ ẹni tó bọ́ sínú ọkàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ń bá ère igi sọ ní kọ̀rọ̀, Fadá ló jókòó sórí àga rẹ̀ yìí tó ń kà á jáde.  Mọ́níkà dìde, ó lọ bu omi tí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀, ó padà wá.

"Màríà mọ ibi tí ọmọ ẹ̀ wà," ló wí. "Bí ẹ bá lè mú kí Akínbọ́lá fi tèmi hàn mí, màá kọ alámọ̀ yẹn. Màá kọ ọ́ débi tí ojú yín ò ní gbẹ. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ wá ẹlòmíì."

Fadá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Màá bá a sọ̀rọ̀. Mo ṣèlérí fún yín níwájú Ẹni tó pè mí."

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n gba ẹnu géètì kọ́lẹ́jì wọlé, wọ́n yí gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn eré tuntun tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń rùn. Igi kajú kan wà níbẹ̀, òkìtì ilẹ̀ kékeré kan sì wà nídìí rẹ̀, koríko ti hù bò ó.

"Ibí ni, Màmá."

Mọ́níkà kò ṣiyèméjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìtì ni, kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí oko ẹbí ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ kí Akínbọ́lá tó tà á fún kọ́lẹ́jì. Gbọ́láhàn ti ro oko níbẹ̀ nígbà ọlidé. Ibo ni wọn ì bá tún sin ín sí? Ó kàn béèrè pé, "Akínbọ́lá ló sọ ọ́?"

Fadá ń wo orí igi kajú. "Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mú yín wá. Bí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, á sẹ́ ni."

Mọ́níkà kúnlẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún Akínbọ́lá pé òun ò ní sunkún níbẹ̀, kò sì sunkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé òkìtì náà bó ṣe máa ń fi lé iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Fadá fi lọ dúró síbi ọkọ̀. Ìgbà tó dìde, orúnkún aṣọ rẹ̀ pọ́n fún ilẹ̀. Kò gbọ̀n ọ́n dànù títí ó fi délé.

Báyìí ni ayọ̀ kan wọ ilé Mọ́níkà. Ìgbálẹ̀ tuntun ló rà, ọ̀tọ̀ ni ti inú ilé. Láràárọ̀, á wọ ọ̀kadà lọ sí kọ́lẹ́jì, á gbá ojú oórì náà, á fa koríko rẹ̀, á jókòó tì í. Ó gbin òdòdó aláwọ̀ àlùkò sí i yí po. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà gbẹ́ àgbélébùú igi kan, Fadá ní kí wọ́n rì í mọ́ orí rẹ̀. Mọ́níkà á ròyìn gbogbo nǹkan fún ọmọ rẹ̀: ẹni tó gbéyàwó nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó lọ sókè òkun, epo tó tún gbówó lórí. Ó ń béèrè èsì bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, kí ó lè sọ ọ́ fún un bó ṣe lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wo Màríà onígi lójú, ó sì kí i bí ẹgbẹ́ ṣe ń kí ẹgbẹ́.

Rìháásà bẹ̀rẹ̀. Fadá fẹ́ kí àwọn ìyá ìjọ máa gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó gbà. Mojísọ́lá, olórí ẹgbẹ́ wọn, tí òun àti Mọ́níkà jọ gba oúnjẹ Olúwa ní kékeré, wá bá a nílé.

"Jùmọ̀kẹ́, má dá a o. Eré kọ́ nuun. Bí o bá dá alámọ̀ fún ọmọ, àwọn ará ulé ọkọ rẹ yóò ní o ti ti ulẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ rẹ mọ́ láé."

"Jésù ni mo ń dá a fún."

"Mo ti sọ tèmi o," ni Mojísọ́lá wí, ó sì gbé gèlè rẹ̀ lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni Fadá wá fi gbè é. Àwọn ọmọbìnrin yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń gbè. Bí wọ́n bá padà dé ilé tí wọ́n ń sùn, wọ́n á di ìró mọ́ àyà, wọ́n á máa ṣe ẹkún Mọ́níkà fún ara wọn wò, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi dì mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Olúwadámiláre ni wọ́n mú láti ṣe Jésù, nítorí pé ó ga, ó sì rù. Ó ga bí Gbọ́láhàn. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ lé itan Mọ́níkà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́lẹ̀, fóònù tó fi sínú aṣọ tó sán mọ́dìí á máa gbọ̀n rìrì, òkú Olúwa á sì rọra sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ọwọ́ yín, ẹ ń rìn mí ní ìhà."

Ohùn Mọ́níkà kò kọ́kọ́ jáde dáadáa. Ẹ̀rù èèwọ̀ náà ń bà á. Fadá dá a dúró, ó tún un ṣe, ó tún dá a dúró.

"Màmá, kò tíì dun èèyàn tó. Bí ẹni ń kàwé ni. Ẹ ronú sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹ fi ti ìdí kajú sí i."

Ó fi sí i. Ohùn náà wá, ó sì wá bó ṣe máa ń wá tẹ́lẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ikùn. Àwọn ọmọbìnrin dákẹ́ ẹ̀rín. Fadá pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wò ó! Ẹ̀kọ́ tí mo ń wí nìyẹn!" Ó tún ní kó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ń ya fídíò kò tíì tan iná. Nígbà mẹ́ta ló kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni eré wáyé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn àlejò jókòó níwájú nínú aṣọ funfun wọn, àwọn ará ìjọ wà láàárín, Akínbọ́lá náà sì wà níbẹ̀, nítorí kọ́lẹ́jì máa ń fìwé pe àwọn olórí ẹbí tó tà wọ́n nílẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Fadá bọ́ síwájú, ó ní kó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá dédé dìde sọ̀rọ̀, pé àwọn ti fi àwọn òṣèré pamọ́ sáàárín àwọn olùwòran. Lóòótọ́ ni. Àwọn kan dìde láti orí àga, wọ́n ń kígbe pé kí Pílátù kàn án mọ́gi. Obìnrin kan dìde, ó nu ojú Jésù. Àwọn àlejò ń mi orí pé ọgbọ́n ńlá nìyí.

Wọ́n sọ òkú kalẹ̀, wọ́n gbé e lé itan Mọ́níkà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Jésù bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ka ìran Dáfídì, ó ka Násárétì. Ṣùgbọ́n ọmọ gíga tó wà lórí itan rẹ̀ wúwo, ó ń móoru, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ti ẹni tó ń rò. Ẹnu rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà.

"Gbọ́láhàn ò, ọmọ mi ò,
Mo wẹ òkú ọmọ ọlọ́mọ,
Ẹlòmíì ló wẹ tìrẹ fún mi.
Mo wá ọ dé ulé, n ò bá ọ,
Mo wá ọ dé oko, n ò bá ọ,
Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí ni mo ti wá bá ọ,
Nídìí kajú, níbi tí mo gbé gbá ojú oórì rẹ,
Tí mo fòdòdó sí i, tí mo ń kí ọ láràárọ̀.
Sùn ire, Gbọ́láhàn. Ìyá rẹ ti rí ọ."

Ẹkún bẹ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbè é gbàgbé ègbè. Olúwadámiláre tó jẹ́ òkú, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Láàárín ẹkún yìí ni Akínbọ́lá dìde.

"Ìyàwó! Ojú oórì wo?"

Gbogbo orí yíjú sí i. Àlejò kan rọra fọwọ́ kan ekejì, ó ní òṣèré mìíràn nìyẹn, bóyá ọlọ́rọ̀ tó fi ibojì rẹ̀ tọrẹ fún òkú Jésù ni.

"Mo ní ojú oórì wo?" Akínbọ́lá ti ń rìn bọ̀ láàárín àga.  "Nídìí kajú ẹ̀yìn ulé yìí? Èmi ni mo kó àwọn lébìrà wá síbẹ̀. Ulẹ̀ tí a wú jáde nígbà tí a ń gbẹ́ ihò ṣalángá wọn ni a dà síbẹ̀. Ṣalángá, Jùmọ̀kẹ́! Ọmọ wa kò sí lórí ulẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ta ló sọ fún ọ? Fadá wá bá mi nígbà tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ fún un pé rárá, n ò ní sọ, títí tí mo fi máa kú!"

Mọ́níkà kò wo Akínbọ́lá. Ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ló wò, níbi tí Fadá Adéníran dúró sí pẹ̀lú ìwé eré lọ́wọ́. Bí ó bá mi orí pé irọ́ ni, ì bá gbà á gbọ́. Bí ó bá tilẹ̀ sunkún, ì bá rí nǹkan dì mú. Fadá wolẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé tó kàn. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo àwọn àlejò, ó wo ẹni tó ń ya fídíò, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì fún Mọ́níkà jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní rìháásà: ẹ máa bá a lọ, Màmá, ẹ máa bá a lọ.

Igbe kan jáde lẹ́nu Mọ́níkà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Kò sí nínú alámọ̀, kò sí nínú orin kankan. Ó gùn, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa iná. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọn kò sì dáwọ́ dúró. Àlejò kan tó dàgbà sọ fún Fadá níbi oúnjẹ pé láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ni, òun kò tíì rí ibi tí ìgbàgbọ́ àti àṣà ti dì mọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, pé àgbà ọkùnrin tó dìde láàárín èrò yẹn gan-an ló gbé eré náà débi gíga. Fadá dúpẹ́. Kò sọ fún un pé ọkùnrin náà kì í ṣe òṣèré.

Ó lọ bá Mọ́níkà nílé lọ́jọ́ kejì, kó tó di àkókò Mísà. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti di tirẹ̀ mú. Mọ́níkà kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìró.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo rí i pé ẹ ń kú lọ ni. Ojú oórì, àmì lásán ni. Àwa Àgùdà mọ ohun tí àmì jẹ́: búrẹ́dì, omi, igi. Àdúrà tí ẹ gbà níbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbikíbi tó wà. Ẹ rí ìtura. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí ìtura."

"Mo rí ìtura," ni Mọ́níkà wí.

"Ẹ ṣé é, Màmá."

"Mo sọ èsì bọ́ọ̀lù fún ṣalángá, Fadá. Ẹ máa lọ."

Nígbà tó lọ tán, Mọ́níkà wọ bàtà, ó lọ sí ilé Akínbọ́lá. Ó bá a níwájú ilé tó ń pọ́n àdá. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kó ṣàánú òun, ó ní kó wo ohun tí wọ́n fi òun ṣe.

Akínbọ́lá kò gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ rọ̀, èyí tó burú jù nìyẹn. "Ọ̀rọ̀ rẹ ti ń dùn mí láti ọjọ́ yìí. Mo ti ń rò ó pé bí a bá kórè iṣu tuntun, màá pe àwọn tí a jọ búra, kí wọ́n tú mi sílẹ̀, kí n mú ọ lọ. Ṣùgbọ́n o ti dá alámọ̀ fún un. Lójú gbogbo ayé. Ìwọ fúnra rẹ lo ní kó sùn ire. O ti ti ulẹ̀kùn, Ìyàwó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó máa gbà mọ́, èmi náà ò sì gbọdọ̀ bẹ̀ wọ́n."

Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, Mọ́níkà lọ sí Mísà, nítorí kò mọ ibòmíràn tí èèyàn ń lọ ní ọjọ́ Àjíǹde. Apá ọ̀tún ló jókòó sí. Fadá Adéníran ló wàásù. Ó sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó jí ní kùtùkùtù lọ sí ibojì Olúwa, tí wọ́n bá a lófìfo, tí áńgẹ́lì sì sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń wá kò sí níbẹ̀. Ó ní ìròyìn ayọ̀ ni. Gbogbo ìjọ kọ Alelúyà, wọ́n jó, wọ́n ju áńkáṣíìfù sókè. Mọ́níkà dúró láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà lára àga iwájú rẹ̀, kò jó, kò sì jáde.

Ìgbà tí Mísà parí, ó yà sílé, ó mú ìgbálẹ̀, ó wọ ọ̀kadà lọ sí kọ́lẹ́jì. Ewé kajú ti já bo òkìtì náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan tí kò wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbá a. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti ilé ìjọsìn wọn rí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn yà sí ọ̀nà mìíràn. Olúwadámiláre nìkan ló wá. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ọdún rẹ̀, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Mọ́níkà wí. "Sún díẹ̀, o dúró lórí òdòdó rẹ̀."